Ilé Ìwòsàn Àyà Kan ní Yaba: Wọ́n Mọ Mesothelioma, Ṣùgbọ́n Ilé Oògùn Wọn Kò Bá Wọn Dọ́gba

Ilé ìwòsàn aládàáni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí wà ní Yaba, ní àdúgbò kékeré kan tí ó já sí ojú ọ̀nà Herbert Macaulay, àìsàn àyà àti ti ẹ̀dọ̀fóró nìkan ni wọ́n sì ń tọ́jú níbẹ̀. N kò ní dárúkọ wọn, nítorí pé ìyìn nìkan kọ́ ni mo mú bọ̀, ọ̀rọ̀ àìlera ẹbí mi sì ni yóò máa tẹ̀ lé e. Bí mo bá ní kí n gé e kúrú, ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé àwọn dókítà ibẹ̀ mọ àìsàn tí à ń pè ní mesothelioma, jẹjẹrẹ kan tí ó sábà máa ń mú awọ tí ó bo ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n sì mọ bí a ti ń là á yé ẹni tí kì í ṣe oníṣègùn. Ibi tí wọ́n ti kù díẹ̀ káàtó ni ilé oògùn wọn, àtẹ̀gùn wọn, àti bí èsì àyẹ̀wò ṣe ń pẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni a gbé lọ, ẹni tí gbogbo ẹbí ń pè ní Bàbá Èbúté-Mẹ́ta. Kí a tó dé Yaba rárá, èémí Bàbá ti ń kúrú fún ìgbà pípẹ́. Bí wọ́n bá rìn láti ilé dé ọjà Oyingbo, wọ́n á ní láti dúró sinmi lọ́nà, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún a sì máa ro wọ́n bí wọ́n bá dùbúlẹ̀ lé e. Ilé ìwòsàn tí a kọ́kọ́ lọ ya àwòrán X-ray, wọ́n rí omi tí ó gbá jọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n fà á, omi náà sì tún padà wá. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ fún Bàbá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí àyẹ̀wò kankan tí ó rí kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ nínú omi náà tàbí nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀. N kò fi bẹ́ẹ̀ dá wọn lẹ́bi, nítorí pé ní orílẹ̀-èdè tiwa, bí omi bá gbá jọ sí àyà ènìyàn, ikọ́ ẹ̀gbẹ ni dókítà máa ń kọ́kọ́ fura sí, lọ́pọ̀ ìgbà ni ó sì máa ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó dùn mí ni pé kò sí ẹnì kan níbẹ̀ tí ó béèrè irú iṣẹ́ tí Bàbá fi gbogbo ayé wọn ṣe.

Ìbéèrè yẹn gan-an ni dókítà Yaba fi bẹ̀rẹ̀. Obìnrin ni, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí Bàbá kí ó tó lọ jókòó sí ẹ̀yìn tábìlì rẹ̀, ó sì mú fọ́ọ̀mù tí a ti kún ní ìsàlẹ̀. “Òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì” ni a kọ sí ibi tí wọ́n ti béèrè iṣẹ́. Ó ní ìyẹn kò tó òun, pé kí Bàbá jọ̀wọ́ ka gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe láti ìgbà ọ̀dọ́ fún òun, ìbáà ṣe èyí tí wọn kò ṣe ju oṣù díẹ̀ lọ. Bàbá bẹ̀rẹ̀ láti orí iṣẹ́ káfíńtà tí wọ́n kọ́, wọ́n dé orí ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe ní Apapa, níbi tí wọ́n ti ń po ìyẹ̀fun funfun kan pọ̀ mọ́ omi nínú dúrọ́ọ̀mù, tí wọ́n ń fi ọwọ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara páìpù tí ooru ń gbà kọjá, tí eruku rẹ̀ sì ń bo irun orí àti ìpéǹpéjú wọn títí wọn yóò fi wẹ̀ ní alẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún gé páálí asbestos fún òrùlé àti àjà ilé ní Surulere, ayùn ọwọ́ ni wọ́n fi ń gé e, láìbo imú.

Dókítà náà kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láìkánjú. Ó wá gbé ojú sókè, ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú o, ta ni ó máa ń fọ aṣọ iṣẹ́ yín nígbà náà?”

Ìyàwó wọn, Màmá Èbúté-Mẹ́ta, ni ó dáhùn láti orí àga tí ó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn: “Èmi ni, dókítà. Mo máa ń gbọ̀n ọ́n dáadáa lẹ́yìnkùlé kí n tó rì í sómi.”

Dókítà ṣàlàyé fún wa pé eruku tí ó bá aṣọ iṣẹ́ wálé ti sọ ọ̀pọ̀ ìyàwó àti ọmọ òṣìṣẹ́ di aláìsàn ní àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti lo asbestos púpọ̀. Ó kọ orúkọ Màmá náà sílẹ̀, ó sì ní bí èémí wọn bá ń kúrú tàbí tí ẹ̀gbẹ́ ń dùn wọ́n lọ́jọ́ kan, kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ aṣọ yẹn fún dókítà yòówù tí wọ́n bá rí. Ṣùgbọ́n kò kọ àyẹ̀wò kankan fún Màmá lọ́jọ́ náà. Ó ní kò tíì sí àyẹ̀wò tí a fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé bí a bá ń ṣe é fún ẹni tí ara rẹ̀ le, yóò gbà á lọ́wọ́ àìsàn yìí. Èyí jọ mí lójú gan-an, nítorí ilé ìwòsàn aládàáni tí yóò rí àyẹ̀wò tí ó lè tà tí kò ní tà á kò wọ́pọ̀ ní ìlú Èkó.

Ó fa ìwé kan sún mọ́ ọn, ó sì ya àyà ènìyàn sí i. Awọ fẹ́lẹ́ kan ni ó bo ẹ̀dọ̀fóró, òmíràn sì tẹ́ inú igbá-àyà. Ẹni tí ó bá ti bó ẹyin sísè rí ti rí irú awọ bẹ́ẹ̀ lábẹ́ èèpo rẹ̀. Omi díẹ̀ péré ni ó wà láàárín awọ méjèèjì, kí wọ́n lè máa yọ̀ lára ara wọn bí a bá ti ń mí. Jẹjẹrẹ tí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti inú awọ yìí fúnra rẹ̀ ni à ń pè ní mesothelioma, nítorí náà kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, oògùn wọn kò sì jẹ́ ọ̀kan. Irú awọ bẹ́ẹ̀ wà nínú ikùn, ó wà yí ọkàn ká, ó sì wà yí kórópọ̀n ọkùnrin ká, àìsàn náà sì lè bẹ̀rẹ̀ níbikíbi nínú wọn, ṣùgbọ́n ti àyà ni ó pọ̀ jù lọ, ti ikùn ni ó tẹ̀ lé e.

Asbestos ni ó ń fa èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Òkúta ni asbestos, inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wà á, ṣùgbọ́n òkúta tí ó máa ń là sí fọ́nrán tíńtín tí ojú lásán kò lè rí ni. Bí ènìyàn bá fa fọ́nrán náà símú, ó lè rìn dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró kí ó sì dé ara awọ náà, ara kò lè jẹ ẹ́ run, kò sì lè lé e jáde, yóò kàn máa ṣe ibẹ̀ lọ́ṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí sẹ́ẹ̀lì yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìyàkuyà. Láàárín ìgbà tí ènìyàn fa eruku náà símú àti ìgbà tí àìsàn yóò yọjú, ó máa ń tó 20 ọdún sí 50 ọdún. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́ fi ń rí i, tí àwọn ọmọ rẹ̀ yóò sì máa wá ohun tí ó jẹ lánàá tàbí ẹni tí ó bínú sí i. Ní South Africa ni àṣírí yìí ti tú sáyé ní ọdún 1960, nígbà tí dókítà kan tí ń jẹ́ Wagner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì kọ̀wé nípa ènìyàn 33 tí ó ní àìsàn náà, tí ó sì jẹ́ pé etí ibi tí wọ́n ti ń wa asbestos aláwọ̀ búlúù ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ti gbé tàbí ti ṣiṣẹ́. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin de asbestos pátápátá ní 1999, South Africa alára ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2008.

Màmá béèrè bóyá sìgá tí Bàbá ti mu nígbà èwe ni ó fà á. Dókítà ní rárá, sìgá kì í fa mesothelioma. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró gan-an ni sìgá àti asbestos máa ń pawọ́ pọ̀ fà, ewu rẹ̀ sì máa ń pọ̀ gidigidi lára ẹni tí ó bá mú méjèèjì pọ̀. Mo rí i bí ojú Màmá ṣe rọ̀, nítorí wọ́n ti ń bá Bàbá jà lórí sìgá yẹn láti ìgbà tí àìsàn ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ti àyẹ̀wò, iṣẹ́ ọwọ́ wọn mọ́. Wọ́n kọ́kọ́ ya CT scan, àwòrán inú ara tí ó ṣe kedere ju X-ray lọ, èyí tí ó fi hàn pé awọ náà ti nípọn ní ẹ̀gbẹ́ kan, tí ó sì rí kókó-kókó. Wọ́n fi skáànù kékeré wo ibi tí omi wà kí wọ́n tó gún un, wọn kò sì fà ju lítà kan àtààbọ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé omi ṣì kù. Nọ́ọ̀sì tí ó di ọwọ́ Bàbá mú ṣàlàyé pé bí a bá fa omi púpọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ̀dọ̀fóró tí ó ti fún mọ́ra tipẹ́ yóò ṣàdédé fẹ̀, omi á sì dà sínú òun fúnra rẹ̀. Bí Bàbá bá ti wúkọ́ lákọ̀tun, ẹni tí ń fa omi náà máa ń dá ọwọ́ dúró, yóò sì béèrè bí àyà wọn ti rí. Èyí tí ó kọ́kọ́ fa omi fún wọn níbòmíràn kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Omi náà kò sọ ohun kan. Dókítà ti kìlọ̀ fún wa ṣáájú pé ó ṣeé ṣe kí ó rí bẹ́ẹ̀, pé sẹ́ẹ̀lì mesothelioma máa ń fara pamọ́ sáàárín sẹ́ẹ̀lì tí kò léwu, àti pé àfi kí a gé ẹran díẹ̀ lára awọ náà gan-an. Ihò kékeré kan ni wọ́n lu láàárín egungun ìhà, wọ́n pa ojú ibẹ̀ kú, wọ́n fún Bàbá ní oògùn tí ó mú kí wọ́n tòògbé, wọ́n sì ti ọ̀pá tín-ín-rín tí kámẹ́rà wà lórí rẹ̀ wọlé, wọ́n sì fi ojú rí ibi tí wọn yóò gé. Wọ́n gba èmi náà láàyè láti wo àwòrán rẹ̀ lẹ́yìn náà lójú tẹlifíṣọ̀n. Awọ tí ó yẹ kí ó máa dán ti hu kókó funfun káàkiri.

Ibí yìí ni ìyìn mi ti dẹ́kun fún ìgbà díẹ̀. Ilé ìwòsàn náà kò ní yàrá àyẹ̀wò tí ó lè ṣe èyí tí ó kù, nítorí pé kò tó kí wọ́n kàn wo ẹran náà lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Wọ́n ní láti da oríṣiríṣi èròjà aláwọ̀ sí i lára kí wọ́n tó lè mọ mesothelioma yàtọ̀ sí jẹjẹrẹ tí ó ti inú ẹ̀dọ̀fóró rìn wá sí ara awọ. Àwọn àmì tí à ń pè ní calretinin àti WT1 máa ń hàn nínú mesothelioma, TTF-1 sì máa ń hàn nínú ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, kò sì sí dókítà tí yóò fi ẹyọ kan nínú wọn dájọ́. Wọ́n fi ẹran náà ránṣẹ́ síta. N kò bínú sí ìyẹn. Ohun tí mo bínú sí ni pé nígbà tí ọjọ́ tí wọ́n dá fún wa kọjá, tí òmíràn tún kọjá, kò sí ẹni tí ó pè wá, bí àwa náà bá sì pè, ọmọbìnrin tí ó wà níwájú á ní kí a “tún yẹ̀ wá wò lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀.” Ẹni tí ó ń dúró de irú èsì báyìí kò yẹ ní ẹni tí a ó máa sọ fún pé kí ó yẹ̀ wá wò. Dókítà fúnra rẹ̀ ni ó pe ilé àyẹ̀wò náà nígbà tí mo kọ lẹ́tà sí i, èsì sì dé láìpẹ́ sí ìgbà náà, èyí tí ó fi hàn pé ó ti ṣeé ṣe tẹ́lẹ̀.

Èsì náà ní mesothelioma ni, irú èyí tí wọ́n ń pè ní epithelioid. Mẹ́ta ni oríṣi rẹ̀: epithelioid ni ó wọ́pọ̀ jù, òun náà ni kì í yára jù, sarcomatoid ni ó le jù, èyí tí méjèèjì dàpọ̀ nínú rẹ̀ ni biphasic. Ẹ má gbà kí ilé ìwòsàn kankan fún yín ní ìwé tí ó kàn kọ “mesothelioma” láìsọ oríṣi rẹ̀, nítorí oríṣi yìí ni yóò sọ irú oògùn tí ó tọ́ kí a sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ sọ èsì yìí ni mo fi mọ̀ pé ilé ìwòsàn náà mọ irú ènìyàn tí wọ́n ń tọ́jú. Àwọn ọmọ Bàbá ti bá mi sọ ọ́ ṣáájú pé kí a bẹ dókítà kí ó má dárúkọ jẹjẹrẹ létí wọn, pé kí ó kàn ní omi ni. Ó gbọ́ wa tán ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò bá wa jà, ó kàn ní òun yóò béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ara. Nígbà tí a wọlé, ó ní, “Bàbá, èsì ti dé. Ṣé ẹ fẹ́ kí n sọ gbogbo rẹ̀ fún yín, àbí ẹ fẹ́ kí n bá àwọn ọmọ sọ ọ́, kí ẹ̀yin máa sinmi?” Bàbá ní, “Ìwọ dókítà, ara ta ni ó ń dùn? Èmi ni kí o sọ ọ́ fún.” Ó sì sọ ọ́, ó dárúkọ jẹjẹrẹ, ó ní kò ṣeé wò sàn pátápátá ní ipò tí a ti bá a, ó ní ohun púpọ̀ ṣì wà tí a lè ṣe kí èémí lè gùn, kí ìrora lè dín kù, kí ọjọ́ sì lè pọ̀ sí i. Ó dákẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, ó sì jẹ́ kí Bàbá dákẹ́ pẹ̀lú.

Nígbà tí a dé orí ìtọ́jú, iṣẹ́ abẹ ni àwọn ọmọ kọ́kọ́ béèrè, nítorí èrò wa ni pé ohun tí a bá lè gé dànù ti tán. Ó ní ní ayé àtijọ́, wọ́n a máa yọ ẹ̀dọ̀fóró odidi kan pẹ̀lú awọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ń bó awọ náà nìkan kúrò lára ẹ̀dọ̀fóró. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ MARS 2, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2024, pín àwọn aláìsàn 335 sí ọ̀nà méjì, àwọn kan gba kímò, ìyẹn oògùn tí ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, nìkan, àwọn kan gba kímò pẹ̀lú iṣẹ́ abẹ bíbó awọ. Àwọn tí a kò ṣe iṣẹ́ abẹ fún ni wọ́n pẹ́ láyé jù: ìdajì wọn ṣì wà láàyè ní nǹkan bí oṣù 25, nígbà tí ti àwọn tí a ṣiṣẹ́ abẹ fún jẹ́ nǹkan bí oṣù 19, ìyọnu tí wọ́n sì rí pọ̀ ju ti àwọn yòókù. Ó ní àwọn kan ṣì wà tí àwọn àgbà oníṣẹ́ abẹ lè yàn fún un, ṣùgbọ́n òun kò ní rán bàbá òun tí ó bí òun, ní ọjọ́ orí Bàbá. Mo ti bá àwọn ilé ìwòsàn pàdé tí ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ìbá ti di owó àsansílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ti ikùn ni ó yàtọ̀ díẹ̀, nítorí pé fún àwọn kan tí ti wọn wà nínú ikùn, wọ́n máa ń gé gbogbo èyí tí ojú bá rí, wọ́n a sì fi oògùn kímò gbígbóná fọ inú ikùn kí wọ́n tó rán an pa.

Kímò ni ó wà ní àrọ́wọ́tó jù ní Èkó. Oògùn méjì ni wọ́n máa ń fà sí ara pọ̀, pemetrexed pẹ̀lú cisplatin, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta, bí ara bá gbà á wọn a ṣe é títí dé ẹ̀ẹ̀mẹfà. Láti ọdún 2003 ni a ti mọ̀ pé ìdajì àwọn tí ó gba méjèèjì pọ̀ ṣì wà láàyè ní nǹkan bí oṣù 12, nígbà tí ti àwọn tí ó gba cisplatin nìkan jẹ́ nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án. Oṣù mẹ́ta kì í ṣe ohun tí ó pọ̀ lórí ìwé, ṣùgbọ́n dókítà náà sọ ọ́ bí ó ti rí láìfi iyọ̀ sí i. Nítorí pé cisplatin máa ń ni kíndìnrín lára, ti Bàbá kò sì fi bẹ́ẹ̀ dára, carboplatin ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Oògùn tuntun tí ó ń ta àwọn ọmọ ogun inú ara jí kí wọ́n lè dojú kọ jẹjẹrẹ náà wà. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí nivolumab pẹ̀lú ipilimumab fún mesothelioma àyà ní 2020, wọ́n sì fọwọ́ sí pembrolizumab pẹ̀lú kímò ní 2024. Nínú ìwádìí tí ó gbé èyí àkọ́kọ́ jáde, ènìyàn 605 ni ó kópa, ìdajì àwọn tí ó gba oògùn tuntun náà sì ṣì wà láàyè ní oṣù 18, nígbà tí ti àwọn tí ó gba kímò jẹ́ oṣù 14. Àwọn tí tiwọn kì í ṣe epithelioid ni ó sì ṣe láǹfààní jù. Dókítà kọ iye owó rẹ̀ sórí ìwé, ó yí ìwé náà sí wa, ó sì dákẹ́. Owó ilé ni. Bí mo ti wí, wọn kì í fi owó tan ènìyàn jẹ níbẹ̀: kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun, wọ́n á tẹ gbogbo iye rẹ̀ sórí ìwé kan, àsansílẹ̀ ní apá kan, àṣẹ́kù ní apá kejì, rìsíìtì sì máa ń bá a mu.

Ohun tí ó ṣe Bàbá láǹfààní jù lọ nínú gbogbo rẹ̀ kò tilẹ̀ jẹ́ oògùn. Nígbà tí omi kò yé padà wá, wọ́n fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí ẹ̀gbẹ́ wọn lábẹ́ awọ ara, tí ẹnu rẹ̀ yọ síta tí ó sì ní ìdérí, kí a lè máa fa omi náà nílé fúnra wa. Wọ́n tún sọ pé bí ẹ̀dọ̀fóró bá lè fẹ̀ dé ògiri àyà, wọ́n lè da ìyẹ̀fun talc tí a ti pa kòkòrò ara rẹ̀ sáàárín awọ méjèèjì kí wọ́n lè lẹ̀ mọ́ra, kí omi má sì ráàyè mọ́; ti Bàbá kò fẹ̀ tó. Nọ́ọ̀sì kan kọ́ ọmọbìnrin wọn àgbà bí a ti ń fọwọ́, bí a ti ń nu ẹnu rọ́bà, bí a ti ń so ìgò mọ́ ọn, ó sì ní kí ó ṣe é lójú òun títí ọwọ́ rẹ̀ fi balẹ̀. Láti ìgbà náà ni Bàbá ti ń rí oorun sùn.

Ilé oògùn wọn ni kí a sọ̀rọ̀ lé lórí báyìí, nítorí ẹni tí kò bá lajú sílẹ̀ lè kó sí wàhálà níbẹ̀. Ẹni tí yóò gba pemetrexed gbọ́dọ̀ máa lo fólíìkì ásíìdì díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, kí ó sì gba abẹ́rẹ́ fítámì B12 ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí ẹnu má baà bó, kí ẹ̀jẹ̀ má sì wálẹ̀ jù. Máíkírógíráàmù 400 ni dókítà kọ. Èyí tí wọ́n kó fún wa ní ilé oògùn jẹ́ mílígíráàmù 5, irú èyí tí wọ́n ń fún aláboyún káàkiri Èkó, ó sì ju ìlọ́po mẹ́wàá lọ sí ohun tí a kọ. Nígbà tí a tún padà lọ ra oògùn ìrora, ibuprofen ni ọmọkùnrin ibẹ̀ gbé lé tábìlì, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kí ó mọ̀ pé ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára gbọ́dọ̀ yàgò fún un ní àyíká ọjọ́ tí ó bá gba pemetrexed. Ó tún gbìyànjú láti ta ìgò àgbo kan fún wa pẹ̀lú, èyí tí àkọlé rẹ̀ ní ó ń “fọ ẹ̀dọ̀fóró.” Dókítà tí ó wà lókè kò mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà nísàlẹ̀ ilé rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n nígbà tí mo gbé e fún un. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ gba ìwé oògùn, kí ẹ sì lọ ra á ní ibi tí apòògùn gidi ti ń jókòó.

Àti àtẹ̀gùn! Ilé ìwòsàn ẹ̀dọ̀fóró, àjà kejì ni yàrá dókítà wà, kò sì sí ẹ̀rọ tí ń gbé ènìyàn sókè. Mo ti rí bàbá kan tí ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ní agbede méjì, tí ó ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Bí ẹ bá bẹ̀ wọ́n, dókítà á sọ̀ kalẹ̀ wá bá yín ní yàrá kékeré tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń gba owó; kò yẹ kí a máa bẹ̀ wọ́n.

Ìtọ́jú onítànṣán kò sí lọ́dọ̀ wọn, wọn kò sì díbọ́n. Fún mesothelioma, ìrora ojú kan ni wọ́n sábà máa ń lò ó fún, kì í ṣe láti pa gbogbo àìsàn náà, nítorí pé ó tẹ́ káàkiri yí ẹ̀dọ̀fóró ká. Wọ́n kọ lẹ́tà fún wa lọ sí NSIA-LUTH ní Ìdí-Àràbà, ibi ìtọ́jú jẹjẹrẹ tí wọ́n ṣí ní 2019, lẹ́tà náà sì kún tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò tún bi wá ní ohun kan lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n tún fún Bàbá ní mọfíìnì olómi fún ìrora àti fún èémí kúkúrú. Ẹ̀rù ba àwọn ọmọ nígbà tí wọ́n gbọ́ orúkọ rẹ̀. Dókítà fi sùúrù sọ fún wọn pé ìwọ̀n díẹ̀ rẹ̀ ń jẹ́ kí ara gbàgbé pé èémí kò tó, àti pé ẹni tí ó bá ń lò ó fún ìrora gidi bí dókítà ti wí kì í sábà sọ ọ́ di bárakú.

Iṣẹ́ kan ṣì wà tí wọ́n ṣe tí a kò san owó rẹ̀. Wọ́n kọ ìwé tí ó sọ irú àìsàn náà, irú iṣẹ́ tí ó jọ pé ó fà á, àti àwọn ọdún tí Bàbá ṣe é, wọ́n sì ní kí a tọ́jú rẹ̀, nítorí òfin owó gbà-máà-bínú òṣìṣẹ́ ti 2010, tí àjọ ìjọba kan tí ń jẹ́ NSITF ń bójú tó, ka àìsàn tí iṣẹ́ bá fà mọ́ ohun tí a lè béèrè owó lé lórí. Ibi iṣẹ́ Bàbá ti kú tipẹ́ ṣáájú òfin náà, nítorí náà n kò retí ohunkóhun, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ lè nílò irú ìwé bẹ́ẹ̀. Wọ́n sì bi wá léèrè nípa òrùlé ilé tí Bàbá ń gbé, èyí tí ó jẹ́ asbestos bíi ti ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ní Èbúté-Mẹ́ta. Wọ́n ní bí kò bá fọ́, kí a má fọwọ́ kàn án. Bí a óò bá sì yọ ọ́, kí àwọn tí yóò yọ ọ́ fi omi rin ín, kí wọ́n bo imú dáadáa, kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní odidi láìfi òòlù fọ́ ọ, kí a má sì gbá eruku rẹ̀ ní gbígbẹ.

Ẹni tí ó bá ń lọ síbẹ̀, kí ó mú díìskì tí àwòrán CT scan wà lórí rẹ̀ dání, kì í ṣe ìwé àlàyé rẹ̀ nìkan, nítorí pé wọ́n máa ń fẹ́ wo àwòrán náà fúnra wọn, bí kò bá sí, wọ́n á ní kí ẹ tún òmíràn yà. Kí ó kọ gbogbo iṣẹ́ tí aláìsàn ti ṣe rí sílẹ̀ láti ilé. Àárọ̀ kùtù ni ó dára jù, nítorí bí agogo mẹ́wàá bá ti lù, àwọn èrò á ti kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, ibi tí a lè gbé ọkọ̀ sí kò sì tó nǹkan. Fún dókítà yẹn àti nọ́ọ̀sì rọ́bà yẹn, mo fún wọn ní máàkì mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá; fún ilé oògùn, méjì, ti rìsíìtì rẹ̀ tí ó péye sì ni.